Má Mira Títí Ọ̀rọ̀ Yóò Fi Délẹ̀

Gíláàsì tí à ń gbé níbi iṣẹ́ wa kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń mu omi. Tiwa tóbi débi pé tí a bá gbé e gba títì kọjá, oòrùn á dúró wo ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀, á gbàgbé láti wọ̀, àwọn adìyẹ àdúgbò ò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n máa sùn. Ẹ lè rò pé irọ́ ni. Ẹ lọ bi ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi kì í parọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀rín, ẹ̀yìn gíláàsì nípọn kan ló wà, kò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é.

Àwa mẹ́rin la máa ń gbé ọ̀kan. Kálukú á di ọwọ́ rọ́bà mú, irú èyí tó máa ń fa gíláàsì mọ́ra bí ọmọ ọwọ́ tó rí ọmú, ọ̀gá á sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa sọ ohun tí a máa ṣe. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira títí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yóò fi délẹ̀. Òun náà ò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ síwájú. Gbogbo ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tò sílẹ̀, ohun tí a máa ṣe gan-an ló máa fi kádìí ẹ̀. Á ní: "Tí ọkọ̀ yẹn bá ti kọjá, tí ẹsẹ̀ gbogbo yín bá ti rí ilẹ̀ dúró sí, tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ti dáhùn, ẹ gbé e." Kó tó dé orí "ẹ gbé e" yẹn, òkú ni wá. Eṣinṣin lè bà sí mi nímú, kó kọ́lé síbẹ̀, kó bímọ, kó fi àwọn ọmọ ẹ̀ síléèwé. Mi ò ní gbọn imú.

Wọ́n ní kí n tó débẹ̀, ẹni tó jẹ ọ̀gá ṣáájú ọ̀gá wa ló ṣèèṣì sọ ọ́ ní ìdàkejì lọ́jọ́ kan. Ó ní: "Ẹ gbé e, tí ọkọ̀ yẹn bá ti kọjá." Àwọn tó wà níwájú ti gbé e, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń wo ọkọ̀. Ìró gíláàsì náà lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú kejì fi sáré ká aṣọ lórí okùn, wọ́n rò pé òjò yìnyín ti dé. Láti ìgbà náà ni òfin ti wà, ó sì ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Kódà nínú ilé, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Màá sọ fún ọmọ mi pé: "Tí ilé ìwẹ̀ bá ti ṣófo, tí ọṣẹ bá ṣẹ́kù, kí o tó fọwọ́ kan búrẹ́dì yẹn, lọ wẹ̀." Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ fún òun pé mo nífẹ̀ẹ́ òun, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irun funfun tán kí n tó débẹ̀.

Rédíò ni wọ́n ń pè mí, torí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa mí. Ìwé mi ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ṣe ìṣirò ni mo ti mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ fi mí ṣeré, mo bá kó ìwé mi, mo wá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun ńlá kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó tóbi ju gíláàsì lọ, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìyàwó mi ń nu ilẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń bímọ ló máa ń nù jù. Ó ti nù ún débi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìwé. Tó bá kù díẹ̀, á já sí yàrá ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé ibẹ̀ dọ̀tí o. Etí ẹ̀ ló ń dúró síbẹ̀. Ó ní ìyá á pariwo, á tún pariwo, gbogbo nǹkan á wá dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí kò sí láyé rí á jáde. Ó ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò rí ojú ẹni tó ni ohùn rí, àfi tí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti wé e, tí wọ́n ti gbé e kọjá níwájú ẹ̀.

"Rédíò," ló sọ fún mi nígbà kan, "mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ dì í mú."

Nọ́ọ̀sì àgbà ti rí i lójú ẹ̀. Ó ní àwọn lè mú un wọlé sí ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n á kọ sílẹ̀ àti èyí tí wọ́n á fi ẹnu ṣe. Ìyàwó mi ti ṣe é rí, ó sì ti fìdí rẹmi. Ọjọ́ orí ẹ̀ wá ti dé etí ààlà. Tó bá tún fìdí rẹmi nínú èyí tó ń bọ̀ yìí, wọn ò ní gba orúkọ ẹ̀ mọ́. Mọ́ọ̀pù ló kù.

Ohun tó ń gbé e ṣubú kò ju ẹyọ kan lọ: awẹ́ gbólóhùn. Wọ́n á fún un ní gbólóhùn gígùn kan, wọ́n á ní kó tú u, kó mú èyí tó jẹ́ olórí àti èyí tó jẹ́ afarahẹ. Ojú ẹ̀ á sì ṣú. Gbogbo ẹ̀ ló jọ ara wọn lójú ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo àwọn ìbejì méje.

Ó wá ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nílé ìwé kan tí kò jìnnà sí wa. Bọ́ọ̀lù ẹnì kan ló fọ́ fèrèsé kíláàsì náà, ọ̀gá mi sì rán mi lọ tún un ṣe. Bí ìyàwó mi ṣe rí mi tí mò ń gbé àkàbà bọ̀, ó sáré pàdé mi lẹ́nu géètì.

"Ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. O ò mọ̀ mí."

"Ta nìyẹn?" ni mo dá a lóhùn. "Màdáámù, ẹ kúrò lọ́nà, oníṣẹ́ ń kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó mọ irú ẹni tó fẹ́.

Obìnrin àgbà kan ló ń kọ́ wọn, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó kéré, ó tín-ín-rín, ohùn ẹ̀ ò sì tó ti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́ lórí awò ojú ẹ̀ báyìí, wàá rántí gbogbo ohun tí bàbá bàbá rẹ jí. Mo jókòó sójú fèrèsé, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, mo ń fi pọ́tì rírọ̀ lẹ gíláàsì mọ́ férémù. Mo ti ń ro irú àwàdà tí mo máa fi tú kíláàsì ká. Ìgbà náà ni Tíṣà kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "When the rain stopped, she went home." Ó ní kí ìyàwó mi fi olórí han òun.

Ìyàwó mi dìde. "'When the rain stopped', mà."

"Kí ló dé?"

"Torí… òun ló wà níwájú, mà."

"Ẹni tó bá ti ṣíwájú ti di ọ̀gá nìyẹn!" ni ọmọbìnrin kan sọ lẹ́yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ọrùn ìyàwó mi láti ẹ̀yìn, ó ti tẹ̀. Àwàdà tó wà lẹ́nu mi yí padà di òkò, mo gbé e mì.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìnupátákó, ó pa ìdajì tó kẹ́yìn rẹ́. Ó ku "When the rain stopped" nìkan.

"Ká ní mo wá kí ọ nílé," ló wí, "mo kan ilẹ̀kùn, o ṣí i, mo ní: 'Nígbà tí òjò náà dá…' Mo wá panu mọ́. Mo jókòó sórí àga rẹ, mò ń wò ọ́. Kí lo máa ṣe?"

"Màá ní, 'Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n, mà?'" ni ìyàwó mi dáhùn. "'Kí ló wá ṣẹlẹ̀?'"

"Tí mi ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Màá dúró, mà. Màá ṣì máa dúró."

"Ó dáa. Afarahẹ nìyẹn. Ó fara hẹ nǹkan tí kò tíì dé, ó sì ń dá ẹni tó ń gbọ́ ọ dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi dúró sínú afẹ́fẹ́. Pọ́tì ń já bọ́ sórí bàtà mi, mi ò mọ̀. Irun apá mi dìde, gbogbo wọn pátá, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé ní àárọ̀. Ìdádúró yẹn! Mo mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti ń gbé gíláàsì. Tí ọkọ̀ yẹn bá ti kọjá… Tí ẹsẹ̀ yín bá ti dúró… Òkú mẹ́rin tó di gíláàsì mú, tí wọ́n ń retí. Ẹnu mi ya kí n tó lè dì í.

"Ẹ gbé e!"

Gbogbo orí yí sójú fèrèsé. Ìyàwó mi fi ìwé bojú.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni Tíṣà bèèrè.

"Oníṣẹ́ gíláàsì ni, mà."

"Kí ni ká gbé?"

"Ẹ máà bínú, mà. Gbólóhùn yín ló gbé mi."

"Tó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀," ni Tíṣà wí, "máa lẹ pọ́tì ẹ."

Ṣé ẹ rí i? Tó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, máa lẹ pọ́tì ẹ. Ó sọ ọ́ bí ọ̀gá mi gẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n sáré.

Ó wá pa gbogbo ojú pátákó rẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí àárín: "She waited." Ó ní: "Ó dúró. Ó pé bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan mọ́ ọn. Bó ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tó ń rẹ̀yìn. Ó dúró nítorí pé ọmọ ẹ̀ kò tíì dé. Ọmọ ẹ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ìjì ti gbé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ọkọ ẹ̀ kàn kó tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò ti bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó, àwọn aládùúgbò tí ọmọ tiwọn ti dé. Ṣọ́ọ̀kì ń dún, eruku ẹ̀ ń fò. Gbólóhùn náà kún pátákó, ó gbọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó yí sísàlẹ̀, ó rọra gùn padà sókè. Lójú tèmi, ó gba ara ògiri, ó gba orí òrùlé, ó jáde sí títì, ó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo ń wò ó pé kó já. Irin tí wọ́n fi ń so afárá á ti já. Kò já. Gbogbo ìjì, gbogbo ọkọ̀ ojú omi, gbogbo aládùúgbò yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló ń gbé wọn.

Tíṣà wá mú ìnupátákó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ láti ìparí. Àwọn aládùúgbò lọ. Fèrèsé lọ. Ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọmọ náà lọ. Ó ku ọ̀rọ̀ méjì yẹn láàárín eruku funfun.

"Ẹ wò ó," ló wí pẹ̀lú ohùn ẹ̀fọn ẹ̀ yẹn. "Ó ṣì ń dúró."

Ẹnikẹ́ni ò mira nínú kíláàsì. Ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti fọwọ́ bonu. Èmi náà fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà mi, kí ojú mi má bàa kúrò lára ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Nígbà tí a délé, mo ní: "Tí wọ́n bá fún yín ní ìsinmi ọ̀sán lọ́la, tí oúnjẹ ò bá dí ọ lọ́wọ́, wá sí ibi iṣẹ́ wa."

"Wá ṣe kí ni?"

"Wá wo awẹ́ gbólóhùn. Tiwa ṣe é fọwọ́ kàn, ó sì wúwo."

Ó ká ọwọ́ lé àyà. "Rédíò, mo mọ̀ ẹ́. Ìwọ tó sọ fún ìyá mi pé mo bí ẹṣin. Ìdánwò mi ti dé tán, o fẹ́ fi mí dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lára yá."

"Wo ojú mi."

"Ojú rẹ gan-an ló ń parọ́ jù."

Ìyà tó ń jẹ aláwàdà nìyẹn: ọjọ́ tó bá rí òótọ́, kò sẹ́ni tó máa bá a wò ó. Mo dákẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́ títí ó fi sùn. Mo rò pé ìdákẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà á, torí lọ́jọ́ kejì ó wá.

Gíláàsì iwájú ilé ìtajà ńlá kan là ń gbé. Ìyàwó mi dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wò wá. Ọ̀gá mi gbé ohùn sókè: "Tí afẹ́fẹ́ yìí bá ti rọlẹ̀…" Mo rí i tí ìyàwó mi náà di èémí mú. "…tí kálukú bá ti rí ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé…" Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìró ẹ̀ mú. "…ẹ gbé e." Gíláàsì náà gbéra nílẹ̀ láìfọhùn, òfuurufú ń rìn nínú ẹ̀, ìyàwó mi sì mí jáde bí ẹni tó jáde látinú omi.

"Olórí ló ń gbé e!" ló kígbe. "Ìyókù ń dúró dè é!"

Ọ̀gá mi wò ó. "Ta nìyẹn?"

"Ìyàwó Rédíò," ni ẹnì kan dáhùn.

"Àṣé méjì ni wọ́n," ni ọ̀gá mi wí.

Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ré òrùlé. Ìyàwó mi lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹkún ló gbé bọ̀. Gbólóhùn rẹpẹtẹ ni Tíṣà fún wọn, awẹ́ tó kẹ́yìn ni ìyàwó mi sì mú ní olórí nínú gbogbo wọn. Níbi tí Tíṣà ti kọ "She went home when the rain stopped", òjò ló tún gbé gorí àga.

"O fi gíláàsì rẹ bà mí jẹ́!" ló sọ. "O ní olórí máa ń gbẹ̀yìn!"

"Ó máa ń gbẹ̀yìn! Tó bá ṣíwájú, gíláàsì á fọ́!"

"Ta ló ń gbé gíláàsì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Rédíò? Ta?"

Mo wọ bàtà mi, àwa méjèèjì gba ilé Tíṣà lọ. Ilé ẹ̀ kò jìnnà. Ó ń bomi rin òdòdó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un: gíláàsì, ọkọ̀, ọ̀gá àtijọ́, òjò yìnyín.

"Mà," ni mo wá bèèrè, "ṣé Gẹ̀ẹ́sì lè fi iṣẹ́ síwájú?"

"Ó lè fi síwájú. Ó lè fi sẹ́yìn. Ó tún lè fi sáàárín, kó wá kó ìyókù sí apá ọ̀tún àti apá òsì."

"Sáàárín! Ẹ̀mí àwọn èèyàn ńkọ́, mà?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Àṣé ó ní eyín. Ó gbé agolo omi ẹ̀ sílẹ̀. "Ìdádúró tí o rí yẹn, òótọ́ ni. Mi ò mọ ẹni tó tíì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyìí rí. Ibi tí o ti ṣì í ni pé o rò pé ipò ló ń sọni di olórí." Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Níbi iṣẹ́ rẹ, tí o bá fi ọmọ tuntun kan àti àgbàlagbà kan sínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí o pa ilẹ̀kùn dé, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọmọ láti ìta?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín láàárín omijé. "Ọmọ á sunkún, mà. Á máa pe ẹni tó máa wá gbé òun."

"Pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Má wo ibi tó dúró sí. Fetí sí i. Èyí tó bá ń pe ẹnì kan, òun ni afarahẹ. Èyí tó bá jókòó jẹ́ẹ́, òun ni olórí."

Mo rí i lójú ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí: bí ìgbà tí a bá já ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kúrò lójú gíláàsì tuntun, tí gbogbo àdúgbò ṣàdédé wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni obìnrin yìí ti ń fetí sí ẹkún láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ níbẹ̀.

"Ìwọ náà," ni Tíṣà sọ fún mi, "mú òfin yín lọ́wọ́, àmọ́ yọ 'má fi iṣẹ́ síwájú' kúrò nínú ẹ̀. Fi 'má mira títí ọ̀rọ̀ yóò fi délẹ̀' sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ. Ìyẹn á wúlò."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó kọ ti ìwé ní àárọ̀, ó jáde, ó ń fi ìka kan ìka. Ó wá ku ti ẹnu. Wọ́n gbé ọmọláńgidi rọ́bà kan sórí tábìlì. Ẹni tó ń ṣèdánwò á ka iṣẹ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìwọ á sì ṣe é bó ṣe sọ. Àwa tí a sin èèyàn wá ń dúró níta. Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó fi í síbẹ̀ yẹ kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí àlàfo tó fi sílẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde.

Ọmọbìnrin tó ṣáájú ìyàwó mi wọlé. Ọkùnrin tó ń ka iṣẹ́ la ẹnu, ohùn ẹ̀ nípọn bí òdù: "Lift the baby…" Ọmọbìnrin náà ti gbé e. Ohùn náà ò sì dúró, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà wo ọmọláńgidi lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tó jáde, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Wọ́n pe ìyàwó mi. Mo lẹ imú mọ́ gíláàsì.

"Lift the baby," ni ohùn náà wí.

Ẹ̀yin náà ti mọ òfin wa. Nílé wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́, ó ti tán, apá ti gbéra. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi, ní àárọ̀, ní ọ̀sán. Mo rí i tí ìka ẹ̀ ta. Mo fẹ́ kígbe. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun mi nígbà yẹn, tí mo bá tú u sílẹ̀, ilé náà á wó, ìlú náà á sì wó tẹ̀ lé e. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara mi.

Kò mira.

Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Mi ò gbọ́ tán, Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó o, àmọ́ mo ń gbọ́ àwọn ìdè ẹ̀: "after", "which", "unless", "before". Wọ́n ń so mọ́ ara wọn, wọ́n ń gùn, gbogbo wọn rọ̀ mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti kọjá tipẹ́. Ìyàwó mi dúró láàárín ẹ̀, apá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ẹ̀ lórí ọmọ rọ́bà yẹn, bí ẹni tó di gíláàsì tó tóbi ju ayé lọ mú lóun nìkan. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà gbójú sókè látinú ìwé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì dúró bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

Ohùn náà rọlẹ̀, ó dákẹ́.

Ìyàwó mi mí. Ó lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó mú tówẹ̀lì funfun, ó fi èyí tó ní ilà sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó wo ojú ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló wá gbé e.

Nígbà tó jáde, mo sáré pàdé ẹ̀. "Kí ló ní kí o ṣe?"

"Ó ní kí n gbé ọmọ."

"Kí ló dé tí o fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kò tíì dákẹ́, ọkọ mi."

Ó yege. Mo pariwo lọ́jọ́ tí èsì jáde, àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi àdúgbò kó lọ, wọn ò tíì padà. Ó gbé mọ́ọ̀pù ẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó wọ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń dúró ti àwọn àgbà, ó ń mú omi wá, ó ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, mo wà nílé, mò ń ṣa àwọn ègé gíláàsì kéékèèké lára aṣọ iṣẹ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà, kò gbé àpò sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

"Mo gbà á," ló wí.

Nípa òfin ilé wa, ó yẹ kí n ti fò dìde. Iṣẹ́ ti jáde lẹ́nu, ó ti pé, kò sẹ́kún nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohùn ẹ̀ ò tíì rọlẹ̀. Mo jókòó, mo di èémí mú.

"Mo gbà á, nígbà tí ìyá ẹ̀ ti ní òun ò lè ṣe é mọ́, tí gbogbo yàrá wá dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ mọ́ọ̀pù ẹni tó ń nu ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà tí èmi alára ti máa ń dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ṣe é rí láyé mi, tí nọ́ọ̀sì àgbà sì ń sọ fún mi létí pé kí n má fà á, kí n jẹ́ kó wá fúnra ẹ̀, ó gbóná, ó ń yọ̀, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, kó tó la ojú, kó tó sunkún, kí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó rí i."

Ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níwájú ẹ̀. Mo wo àárín ọwọ́ méjì yẹn, mo wò ó títí. Mi ò mọ irú ojú tí mo ń fi wo nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ nǹkan. Mo wá a, mi ò rí i.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ń wá ojú mi.

"Rédíò?" ló wí. "Rédíò, ṣé mo ti pa ọ́ ni?"

Mo gbé orí sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo jẹ́ kó yé e pé bẹ́ẹ̀ ni.